Fáìlì Tó Wà Lábẹ́ Ìjókòó: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan ní Yàrá Káàdì

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, obìnrin aláta kan tó ti lé ní ẹni ọdún 50 wá sí ilé-ìwòsàn ìjọba tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ní ìlú kan tí kò jìnnà sí Ìbàdàn. Ó mú ìwé pélébé tí a kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí lọ́wọ́, ó sì fi í lé wa lọ́wọ́ lójú fèrèsé kí aago 7:30 tó lù. Nígbà tó fi máa di aago 10, a kò tíì rí fáìlì rẹ̀. Akọ̀wé tó wà lójú fèrèsé wá ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀: ó ṣí fáìlì tuntun fún un, ó fún un ní nọ́ńbà tuntun, ó sì ní kó lọ jókòó de dókítà. Fáìlì tuntun náà mọ́ tónítóní, kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀ ju orúkọ, ọjọ́ orí àti àdírẹ́sì lọ. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wa, kọ oògùn tó ní sulphonamide nínú fún un. Kì í ṣe pé kò bi í bóyá oògùn kan wà tí kì í bá a lára mu. Obìnrin náà ní òun rántí pé ọ̀kan wà, ṣùgbọ́n òun kò mọ orúkọ rẹ̀, pé ó wà nínú káàdì òun.

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹnì kan ti fi bírò pupa kọ ọ́ gàdàgbà sí iwájú fáìlì àtijọ́ náà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fún un ní irú oògùn bẹ́ẹ̀, ó sì fa ìlà méjì sí abẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, àwọn ọmọ rẹ̀ gbé e padà wá, ètè rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ pọ́n, inú ẹnu rẹ̀ bó, nǹkan sì sú bo gbogbo àyà rẹ̀. Wọ́n dá a dúró fún ọjọ́ 11. Ọlọ́run bá wa ṣé, ó yè é.

Ọjọ́ kejì tí wọ́n dá a dúró ni mo rí fáìlì àtijọ́ náà. N kò rí i lórí pẹpẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí lára òkìtì tó wà nílẹ̀. Abẹ́ ìdí ẹni tó dàgbà jù nínú wa ló wà. Ìjókòó màmá náà ti kán láti ìgbà òjò, wọn kò sì fún un ní òmíràn, nítorí náà ó to fáìlì lé ara wọn títí wọ́n fi ga tó àpótí ìjókòó, ó fi okùn dì wọ́n lọ́nà méjì, ó tẹ́ fóòmù lé e lórí, ó sì ń jókòó lé e ṣiṣẹ́ ìjọba. Fáìlì aláta náà ni ìkẹta láti ìsàlẹ̀. Ó ti tẹ̀ pẹlẹbẹ bí ewé gbígbẹ, ṣùgbọ́n bírò pupa náà kò ṣí rárá.

Èmi ni olórí yàrá náà. Oṣù 8 péré ni mo ti lò nípò ọ̀hún, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síbí pé ojoojúmọ́ ni mo ń rí ìjókòó yẹn. Mo ti dúró ti màmá lórí rẹ̀, tí a jọ ń sọ̀rọ̀ owó ọjà àti ọ̀rọ̀ ọmọ, n kò sì bi ara mi léèrè rí pé kí ni ó jókòó lé.

Ó yẹ kí ẹni tí kò bá wọ irú yàrá bẹ́ẹ̀ rí mọ bó ṣe rí. Àwa márùn-ún là ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, yàtọ̀ sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó máa ń wá kọ́ṣẹ́ fún oṣù mélòó kan. Pẹpẹ onírin dúró ní ìlà mẹ́fà láti ilẹ̀ dé ìtòsí àjà, gbogbo wọn ló kún dẹ́nu, débi pé bí o bá fẹ́ fi fáìlì kan sí àyè rẹ̀, o ní láti fi èjìká ti àwọn yòókù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohun tí pẹpẹ kò gbà wà nílẹ̀, ní òkìtì òkìtì, ọ̀nà tóóró kan sì là á já bí ọ̀nà oko. Igun kan wà tí òjò ti ń jò, a gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì síbẹ̀. Ikán ti mú igun kejì. Fáànù mẹ́ta tó ti jóná, irin ìbùsùn kan, àti páálí fọ́ọ̀mù tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́ wà láàárín gbogbo rẹ̀. Olóògbé ọ̀gá kan ló kó wọn síbẹ̀, a sì ń bẹ̀rù láti fọwọ́ kàn wọ́n.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ aláta náà ni ohun tí ọ̀gá tí ẹ̀rù ń bà máa ń ṣe. Mo kọ kúẹ́rì fún màmá. Mo tẹ ìkìlọ̀ kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó fáìlì sílẹ̀ mọ́. Mo ní kí gbogbo wa máa gbá yàrá náà, ká sì máa tò ó ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì láti aago 2. Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ dùn ún wò. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òkìtì ti padà sípò, ó sì dà bí ẹni pé ó tún ga sí i. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, wọ́n ti kó fáìlì jọ sí abẹ́ ìkìlọ̀ náà gan-an, débi pé a kò rí ìlà ìsàlẹ̀ rẹ̀ kà mọ́.

Ó yẹ kí n ti mọ̀. Àwọn àgbà tó bá ayé wolé-wolé ti sọ fún wa bó ṣe máa ń rí: bí ìròyìn bá ti dé pé wọ́n ti wà ní ojúlé kejì, kíá ni omi inú ìkòkò yóò ti dà sẹ́yìnkùlé nítorí tanwíjí, a ó gbá àgbàlá, a ó kó àkísà wọlé, wolé-wolé yóò wò yíká, yóò kọjá, nígbà tó bá sì fi di ọ̀sẹ̀ kejì tanwíjí yóò tún máa jó nínú omi. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí pẹ̀lú ìmọ́tótó àyíká olóṣooṣù tó wọlé láyé ìjọba Buhari àti Idiagbon, lára ogun tí wọ́n gbé ti ìwà àìníbàáwí láti ọdún 1984. Ní Èkó, láti aago 7 sí aago 10 òwúrọ̀ Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rìn lójú títì, títí ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi fòpin sí ìsénimọ́lé yẹn ní oṣù kọkànlá ọdún 2016. N kò sọ pé kò wúlò. Gọ́tà tí wọ́n kó nígbà náà, wọ́n kó o. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbálẹ̀ nítorí pé wọ́n ń wò ó, ibi tí wọ́n ń wò ni yóò gbá. Èmi gan-an ti sọ ara mi di wolé-wolé inú yàrá káàdì, àwọn ènìyàn mi sì mọ ọjọ́ tí mo máa ń wá.

Màmá ló là mí lójú. Nígbà tó fẹ́ dáhùn kúẹ́rì náà, kò kọ ìwé. Ó dúró dìgbà tí gbogbo èèyàn lọ, ó wá sí iwájú tábìlì mi, ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a ní ìlọ́po mẹ́rin.

Ó ní: "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Mo ti ka ìwé yín, ẹ kọ ọ́ dáadáa. Ẹ̀bi ni mo jẹ, n kò jiyàn. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Bí mo bá kó wọn kúrò nílẹ̀, níbo ni kí n kó wọn sí?"

Mo ní: "Màmá, orí pẹpẹ ni o."

Ó ní: "Ẹ bá mi fi ọ̀kan síbẹ̀ kí n rí i."

Mo mú fáìlì kan, mo sì dìde. Ìtìjú ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí kò tíì kúrò lára mi. Àyè fáìlì náà wà ní ìlà kẹrin, lórí pẹpẹ tó ga jù. Mo ní láti gbé òkìtì mẹ́ta kúrò lọ́nà kí n tó dé ìdí àkàbà, àkàbà náà kò ní ẹsẹ̀ kan, n kò sì lè fi fáìlì náà wọlé àfi ìgbà tí mo yọ mẹ́ta mìíràn jáde, tí mo sì gbé àwọn mẹ́ta yẹn sílẹ̀. Fáìlì kan ni mo lọ gbé sókè, mẹ́ta ni mo kó sílẹ̀. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ní, "Ẹ rí i báyìí," ó sì gbé báàgì rẹ̀.

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti pa ìkìlọ̀ tì, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo iṣẹ́ náà bí ó ṣe ń lọ. Mo jókòó sí igun kan fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, mo ń ka ìṣísẹ̀. Láti ojú fèrèsé tí nọ́ọ̀sì ti ń kó fáìlì padà wá, ìṣísẹ̀ 4 ni ilẹ̀. Pẹpẹ tó súnmọ́ jù jẹ́ ìṣísẹ̀ 17, èyí tó jìnnà jù sì lé ní 30, láìka àkàbà. Aago 2 ọ̀sán ni gbogbo fáìlì àárọ̀ máa ń dé lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí ó ti rẹ gbogbo wa, tí àwọn tó ń gbé ìlú kejì sì ti ń wo ojú ọ̀run nítorí mọ́tò. Ẹni tó bá wọ̀lú lọ́jọ́ yẹn, tí wọ́n sì ní kó yan ọ̀kan nínú ìṣísẹ̀ 4 àti 30, mo fẹ́ mọ èyí tí yóò yàn.

Mo tún rí ohun kan tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Màmá kì í kó fáìlì jọ lásán. Àwọn tó wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀, àti èyí tó jókòó lé, fáìlì àwọn oníṣùgà àti àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru ni, tó máa ń wá lóṣooṣù. Ó mọ̀ wọ́n lójú. Bí ó bá ti rí wọn lẹ́nu géètì, á ti tẹ̀ síwájú fa fáìlì wọn yọ, kò sí akọ̀wé tó yára tó o láàárín wa. Ètò ni rúdurùdu màmá, àmọ́ orí rẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ Ajé tí aláta náà wá, màmá ti lọ sìnkú ní Ìṣẹ́yìn.

Ìṣòro tó jinlẹ̀ jù wà nínú bí a ṣe ń to fáìlì. Bí ẹni ń ka owó là ń tò wọ́n, láti nọ́ńbà kìíní dé èyí tó gbẹ̀yìn. Ó dà bí ohun tó bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀ ló máa ń wá jù, tí ó fi jẹ́ pé gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ kan máa ń wà ní òpin ìlà kan ṣoṣo. Ènìyàn mẹ́rin yóò máa fún ara wọn pa níbẹ̀, pẹpẹ ibẹ̀ yóò kún àkúnwọ́sílẹ̀, ìlà àkọ́kọ́ yóò sì dákẹ́ rọ́rọ́ pẹ̀lú fáìlì àwọn tó ti kó kúrò nílùú. Pabanbarì rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó ni ibì kankan. Bí fáìlì bá sọnù, gbogbo wa la sọ ọ́ nù, ìyẹn ni pé kò sí ẹni tó sọ ọ́ nù.

Wọ́n ti kọ́ mi ní ọ̀nà mìíràn nílé-ìwé, mo kàn gbà pé ti ilé-ìwòsàn ńlá ni. Ìdí nọ́ńbà ni wọ́n ti ń kà á. Bí nọ́ńbà fáìlì kan bá jẹ́ 14-27-63, a kò ní wo 14 lákọ̀ọ́kọ́. 63 tó wà nídìí ni agboolé tí ó ń gbé, 27 ni yàrá nínú agboolé náà, 14 sì ni ipò rẹ̀ lórí ìlà. Gbogbo yàrá káàdì á wá di agboolé 100, láti 00 dé 99. Níwọ̀n bí nọ́ńbà tuntun ti ń tẹ̀ lé ara wọn, 63 lónìí, 64 lẹ́yìn rẹ̀, àwọn fáìlì tuntun á pín ara wọn káàkiri gbogbo agboolé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pín wọn. Nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀, bàbá tó ń ṣọ́ géètì, tí í ṣe ọmọ babaláwo, tó wá bá wa mu omi, ní kí ló ṣòro níbẹ̀. Ó ní ṣé bí ojú odù 16 ṣe wà náà nìyẹn, tí ọmọ odù to ara wọn sábẹ́ wọn títí wọ́n fi pé 256, tí babaláwo kì í sì í wá èyíkéyìí tì. Mo fi àpèjúwe rẹ̀ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún méjì.

Kí a tó lè tò, a ní láti kọ́kọ́ yọ. Àwọn ará Japan, tí ilé-iṣẹ́ Toyota sọ ètò títún ibi iṣẹ́ tò di ìlúmọ̀ọ́ká, ní ọ̀rọ̀ márùn-ún fún un tó fi ìró kan náà bẹ̀rẹ̀: seiri, seiton, seiso, seiketsu àti shitsuke. Ilé-ìwòsàn àwọn obìnrin kan ní Colombo, lórílẹ̀-èdè Sri Lanka, mú un wọ iṣẹ́ ìṣègùn, àjọ JICA ti ìjọba Japan sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e wá sí ilé-ìwòsàn ní ilẹ̀ Áfíríkà láti ọdún 2007, Tanzania wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ kò ju bí àwọn ọ̀rọ̀ náà ṣe tẹ̀ léra lọ. Yíyọ ohun tí kò wúlò kúrò ló ṣáájú, títo èyí tó kù sí àyè rẹ̀ tẹ̀ lé e, gbígbálẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá di ìkẹta, sísọ ọ́ di ìlànà ni ìkẹrin, ìkóra-ẹni-níjàánu ló sì gbẹ̀yìn. Àwa máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìkarùn-ún. Ìbáwí là ń kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ká tó fún un ní àyè tí yóò fi nǹkan sí.

Yíyọ náà gba oṣù méjì gbáko. A ya fáìlì gbogbo ẹni tí kò tíì fẹsẹ̀ kan ilé-ìwòsàn wa láti ọdún 5 sọ́tọ̀, a gba yàrá òfìfo kan lẹ́yìn ilé oògùn, a sì kó wọn lọ síbẹ̀ létòlétò, nítorí pé òkú fáìlì kan lè jí lọ́jọ́kọ́jọ́. Ó lé ní ìdajì ohun tó wà lórí pẹpẹ. Fáànù tó jóná àti irin ìbùsùn ló bá wa jà jù. Dúkìá ìjọba ni wọ́n. Bó ti wù kó bàjẹ́ tó, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ́ nù àfi bí ìgbìmọ̀ tí a ń pè ní Board of Survey bá jókòó lé e lórí. Mo kọ ìwé lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbìmọ̀ náà dé lẹ́yìn tí a ti parí gbogbo iṣẹ́ yòókù. Títí di ìgbà náà, irin ìbùsùn wà lábẹ́ igi máńgòrò, a fi tápólì bò ó.

Lẹ́yìn náà ni a wá pín agboolé. Ogún ogún ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, mo sì rí i dájú pé ó kan èmi náà. A kọ orúkọ sí orí ìlà kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe oyè. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọwọ́ ọmọdé tí kò tó pẹpẹ, tí ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè ti yí sí òdìkejì: màmá kò lè gun àkàbà mọ́, orúnkún rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí náà a yí pẹpẹ padà tó fi jẹ́ pé gbogbo agboolé rẹ̀ wà láti ìbàdí dé èjìká, àwọn ọ̀dọ́ sì gba òkè. Mo ra ìjókòó kan fún un lọ́wọ́ káfíńtà tó wà lójú ọ̀nà. Ìwé pé kí wọ́n fún un ní ìjókòó ṣì wà ní ọ́fíìsì àwọn tó ń bójú tó nǹkan ọ́fíìsì, bóyá ó ti sọnù níbẹ̀ náà.

Owó tí a ná kò tó nǹkan. Wáyà-tépù àwọn oníṣẹ́ iná, tí ó máa ń wà ní oríṣiríṣi àwọ̀, ni a rà. A fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan láti 0 dé 9 ní àwọ̀ tirẹ̀, níbi tí àwọ̀ kò tó, a fi ìlà bírò dúdú sí i, a sì lẹ méjì méjì mọ́ etí fáìlì kọ̀ọ̀kan, ní ìbámu pẹ̀lú nọ́ńbà ìdí rẹ̀. Ẹ wo ohun tí èyí ṣe. Bí o bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí o wo agboolé 63, ìlà àwọ̀ ewé àti pupa ni wàá rí láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí etí aṣọ òfì. Bí ẹnì kan bá ti fi 36 síbẹ̀, yóò yọ bí ẹni tó wọ ankara wọ àárín àwọn tó wọ aṣọ ẹbí. N kò ní láti bá ẹnikẹ́ni wí. Ojú ẹni tó fi í síbẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rí i.

Ohun kejì ni káàdì páálí gígùn kan tí a máa ń fi sí àyè fáìlì bí a bá yọ ọ́, tí a kọ déètì àti ibi tí ó lọ sí ara rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ ní adelé. Kí fáìlì má jáde láìfi adelé sílé: gbólóhùn kan yìí nìkan ni òfin tí mo kà sí òfin. Adelé ló jẹ́ ká mọ̀ pé kì í ṣe inú yàrá wa ni ọ̀pọ̀ fáìlì ti ń sọnù. Dókítà àgbà kan máa ń tì wọ́n mọ́ inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ nítorí ìwé ìwádìí tó ń kọ. Yàrá ìgbẹ̀bí ní tirẹ̀ nínú àpótí bébà. Èyí le fún mi, nítorí pé ọ̀gá kékeré kì í bi ọ̀gá ńlá léèrè. Màmá ló lọ. Ó kí dókítà náà dáadáa, ó bèèrè ìyàwó àti àwọn ọmọ, ó ní, "Ẹ dákun, ẹ bá wa wo inú dúrọ́ọ̀ yín, adelé ti ń sunkún," ó sì kó fáìlì 23 bọ̀. N kò rò pé kúẹ́rì kankan wà láyé tó lè kó fáìlì 23.

A tún pín aago 2 sí mẹ́ta. Dípò kí gbogbo fáìlì dé lẹ́ẹ̀kan náà, akẹ́kọ̀ọ́ kan máa ń lọ kó wọn ní aago 11, aago 1 àti aago 3, ẹnì kọ̀ọ̀kan á sì gba ti agboolé rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì ní ju ìwọ̀nba tí apá kan lè gbé. A kò ní òkìtì mọ́, kì í ṣe nítorí pé a di ènìyàn rere, àmọ́ nítorí pé a kò fún òkìtì ní àsìkò tí yóò fi hù.

Bí mo bá dá ọ̀rọ̀ dúró síbí, irọ́ ni mo pa. Nígbà ọyẹ́, tépù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lára páálí, a ní láti fi gọ́ọ̀mù tún ọ̀pọ̀ lẹ̀. Wọ́n gbé ọ̀kan nínú wa lọ sí ìlú mìíràn, agboolé 20 rẹ̀ di ilẹ̀ àìlólúwa fún oṣù kan, ibẹ̀ nìkan sì ni òkìtì ti padà wá, tó fi dá mi lójú pé ohun tí a ń pè ní ìwà kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ ta ló ni ín. Nígbà tí àwọn ọ̀gá wá láti Ìbàdàn wá wo ohun tí a ṣe, wọ́n ya fọ́tò púpọ̀, wọ́n sì ní kí á tẹ ìkìlọ̀ mọ́ ara ògiri kí ó má baà bàjẹ́. Mo ní a ti gbọ́. Àwọn mìíràn ní kọ̀ǹpútà ni yóò parí gbogbo rẹ̀. Bóyá. Mo ti rí ilé-ìwòsàn tó ní kọ̀ǹpútà, tí ẹnì kan ṣoṣo ní nọ́ńbà mẹ́ta nínú rẹ̀ nítorí pé ó rọrùn láti ṣí òmíràn ju kí a wá ti àtijọ́ lọ. Ìṣísẹ̀ 4 àti ìṣísẹ̀ 30 náà ni.

Ní ti aláta náà, a ran fáìlì rẹ̀ méjèèjì pọ̀, a fagi lé nọ́ńbà tuntun, a sì tún ìkìlọ̀ pupa náà kọ sí iwájú àti ẹ̀yìn. Agboolé màmá ló bọ́ sí. Ó padà wá lẹ́yìn nǹkan bí oṣù 7, ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo wà lójú fèrèsé fúnra mi. Kí n tó nawọ́ gba ìwé pélébé rẹ̀, màmá ti fa fáìlì yọ, ó ti fi adelé síbẹ̀, ó sì ti gbé e sí iwájú mi. Kò gba ìṣẹ́jú kan.

Obìnrin náà wo fáìlì, ó wò mí. Ó ki ọwọ́ bọ gèlè tó fi gbàjá, ó tú etí rẹ̀, ó yọ ìwé kékeré kan tí ó ti wé sínú ọ̀rá, tí ọmọ rẹ̀ kan ti fi bírò pupa kọ orúkọ oògùn náà sí, ó sì gbé e lé orí fáìlì náà. Ó ní òun kò bá wa jà o, kí a ṣáà máa mú méjèèjì fún dókítà.